Láti Dúdú Dé Pupa, Láti Pupa Padà Sí Dúdú: Ìtàn Irun Tí A Bó

Bí ọdún Iléyá tàbí ọdún Kérésì bá ti ń súnmọ́, irú àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn onídìrí àti ti àwọn onígbàjámọ̀ ní Àgọ́-Àmọ́dù, ní Ṣakí àti ní Ìṣẹ́yìn. Láti Èkó tàbí Ìbàdàn ni wọ́n ti dé. Irun orí wọn ti di pupa rúsúrúsú, nítorí pé wọ́n ti fi kẹ́míkà bó àwọ̀ rẹ̀ kúrò ní ìlú ńlá. Ṣùgbọ́n wọ́n ń fẹ́ kí ó tún dúdú kí bàbá tó rí wọn, kí wọ́n tó lọ kí àwọn àgbà àdúgbò, tàbí kí ilé-ìwé tó wọlé. Páálí dáì kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń bèèrè. Wọ́n á fi kùn ún, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sì wo dígí. Bí dáì náà bá jẹ́ dúdú kirikiri, irun á dúdú bí èédú tí kò dán. Bí ó bá jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n rà, irun lè máa tàn bí ewé tí ń gbẹ lọ. Èyí ó wù kí ó jẹ́, kì í pẹ́ tí pupa fi ń padà yọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa dá onídìrí lẹ́bi, àwọn mìíràn a ní ayédèrú dáì ni. Bẹ́ẹ̀ ni ó lè rí nígbà mìíràn. Àmọ́ ìdí pàtàkì rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ṣe dáì sínú páálí: dúdú kì í padà jókòó dáadáa sórí irun tí a bó bí pupa kò bá kọ́kọ́ padà síbẹ̀. Àwọn ará àtijọ́ tí wọ́n ń fi ewé pa irun láró mọ èyí. Kánjúkánjú ayé òde òní ni ó mú kí a gbàgbé rẹ̀, ìgbàgbé náà sì ti ṣe orí àti ẹ̀mí àwọn ènìyàn ní jàǹbá.

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ̀rọ̀ náà fún wa. Orúkọ àwọ̀ mẹ́ta ni ó jẹ́ ìpìlẹ̀ nínú èdè wa: funfun, pupa àti dúdú. Abẹ́ dúdú ni àwọn àgbà ń fi ewé tútù àti aró sí. Abẹ́ pupa ni epo, ọsàn, wúrà àti erùpẹ̀ wà. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé òyìnbó tí àwọn tirẹ̀ ń pe irun rẹ̀ ní ti oníwúrà, onírun pupa ni Yorùbá ń pè é. Ẹni tí ó bá dúró ti onídìrí bí ó ti ń bó irun dúdú yóò rí i pé àwọ̀ mẹ́ta wọ̀nyí tò tẹ̀lé ara wọn gẹ́lẹ́. Irun kì í fò láti dúdú bọ́ sí funfun. Ó gbọ́dọ̀ gba inú pupa kọjá.

Pípa irun láró kì í ṣe àṣà tí òyìnbó kó wá bá wa. Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí ó parí ní ọdún 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ṣe àlàyé nípa àwọn ìlàrí, ìyẹn àwọn ìránṣẹ́ Aláàfin. Ó ní wọ́n máa ń fá ìdajì orí àwọn ọkùnrin inú wọn ní ọjọ́ karùn-ún karùn-ún, ti ọ̀tún lónìí, ti òsì ní ìgbà mìíràn. Wọ́n a dá irun sí ní àárín orí, níbi tí wọ́n ti sín wọn ní gbẹ́rẹ́. Wọn kì í gé irun ibẹ̀, wọ́n máa ń dì í ni. Nígbà mìíràn, wọ́n a fi aró pa á kí ó lè dúdú. Ẹni tí ó bá rí irun bẹ́ẹ̀ lọ́nà mọ̀ pé ìránṣẹ́ ọba ni ó ń bọ̀. Ahoro Ọ̀yọ́-Ilé, tí ó tú ní àwọn ọdún 1830, kò jìnnà púpọ̀ sí ìhà àríwá Òkè-Ògùn. Kò sí àní-àní pé àwọn ìlú agbègbè yìí mọ ìrísí ìlàrí dáadáa.

Aró tí a ń sọ yìí, ẹ̀lú ni wọ́n fi ń ṣe é. Àwọn obìnrin a já ewé ẹ̀lú tútù, wọ́n a gún un, wọ́n a ṣù ú ní ìṣù-ìṣù, wọ́n a sì sá a kí ó gbẹ. Wọ́n a sẹ́ omi eérú sínú ìkòkò, wọ́n a kó ẹ̀lú sí i, wọ́n a sì fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi kan. Ìyá Màpó ni òrìṣà tí àwọn aláró àti àwọn amọ̀kòkò ń bọ; orúkọ rẹ̀ ni òkè ńlá tí ó wà ní Ìgbẹ́tì, ní Òkè-Ògùn kan náà, ń jẹ́. Aró yìí náà ni ó sọ ẹtù, aṣọ òkè tí wọ́n ń hun ní Ìṣẹ́yìn, di dúdú tí ó ní iyì. Òwú ẹtù kì í dúdú bẹ́ẹ̀ ní rírì ẹ̀ẹ̀kan. Aláró a rì í, a yọ ọ́, a sá a, a tún rì í, lọ́pọ̀ ìgbà.

Ẹni tí ó bá ti rí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ìkòkò aró mọ ohun mìíràn. Aṣọ náà kì í dúdú lójú ẹsẹ̀. Bí ewé ni ó ń rí nígbà tí ó bá kọ́kọ́ jáde. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i ni ó tó di aró. Omi eérú ni ó ń jẹ́ kí ẹ̀lú yòrò sínú omi, afẹ́fẹ́ ni ó ń jẹ́ kí àwọ̀ dúró. Ohun méjì yìí, omi tí ó ta bí eérú àti afẹ́fẹ́ tí ń sọ àwọ̀ di mímọ̀, ni a óò tún bá pàdé nínú páálí dáì òde òní.

Ṣùgbọ́n aró nìkan kì í ṣe iṣẹ́ náà tán lórí irun tí kò ní àwọ̀ kankan nínú. Ẹni tí ewú bá bo orí rẹ̀, tí ó fi aró nìkan pa á, lè rí i pé irun náà fẹ́ ṣe bí ewé tàbí bí aró fífẹ́lẹ́. Nítorí èyí ni àwọn ará Páṣíà àti Íńdíà fi ń pa irun ní ìpele méjì láti ìgbà pípẹ́. Wọ́n a kọ́kọ́ lo làálì, irun funfun a di pupa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n a lo aró lórí pupa náà, irun a sì di dúdú tí ó jọ ti ẹ̀dá. Làálì kì í ṣe àjèjì ní Òkè-Ògùn, nítorí pé òun ni àwọn ìyàwó tuntun àti àwọn obìnrin Mùsùlùmí fi ń tọ́jú ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ àáfà ni ó sì ń sọ ọ́ nínú wáàsí pé Abúbakar, ọ̀rẹ́ Ànábì, máa ń pa irun rẹ̀ pẹ̀lú làálì àti ewé kan tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní katam. Èyí náà jẹ́ pupa àti dúdú lápapọ̀. Orí yìí kan náà ni àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ti ń jiyàn títí di òní lórí bóyá ó tọ́ kí ènìyàn fi dúdú pátápátá bo ewú.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ewú kì í ṣe ohun ìtìjú. Ewú l'ogbó, irùngbọ̀n l'àgbà, mámú l'àfojúdi. Òwe yìí ka ewú sí ẹ̀rí ọjọ́ orí, ó sì sọ pé kò sí irun mìíràn tí ó lè gba ipò rẹ̀. Àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣe oge ní ohun tiwọn. Wọ́n a kun osùn, wọ́n a le tìróò, wọ́n a sì ná bùjé, èyí tí ó máa ń dúdú lára fún ìgbà díẹ̀. Àwọn àgbà ní fàárí ìnàbùjé kì í ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ. Oge ni tòótọ́, ṣùgbọ́n oge tí ara ń bọ́ kúrò fúnra rẹ̀ ni. Kò sí èyí tí ó ń ba ohun tí ó wà nísàlẹ̀ jẹ́.

Ohun tí ó yí ọ̀rọ̀ náà padà ni omi kan tí Louis Jacques Thénard, onímọ̀ kẹ́míkà ará Faransé, ṣàwárí ní ọdún 1818. Hydrogen peroxide ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ onídìrí wa ń pè é ní pẹ́rọ́ksáìdì. Ní ọdún 1867, níbi ìpàtẹ ńlá àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Paris, wọ́n fi han gbogbo ayé pé omi yìí lè sọ irun dúdú di pupa bíi wúrà. Kí ó tó di ìgbà náà, oòrùn, eérú àti omi ọṣẹ ni àwọn obìnrin Yúróòpù tí wọ́n ń wá irun pupa gbára lé. Nígbà tí fíìmù Amẹ́ríkà tí wọ́n pe àkọlé rẹ̀ ní Platinum Blonde jáde ní ọdún 1931, irun Jean Harlow, òṣèré inú rẹ̀, ti kọjá pupa, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Ọ̀pọ̀ obìnrin sì sáré tẹ̀lé e.

Láàárín àkókò yìí ni àwọn òyìnbó náà wá mọ̀ pé ọ̀nà àbọ̀ le ju ọ̀nà àlọ lọ. Obìnrin tí irun rẹ̀ jẹ́ pupa láti ọ̀run wá, tí ó bó o títí ó fi funfun, rò pé bí òun bá fi dáì tí ó jọ àwọ̀ ti tẹ́lẹ̀ kùn ún, yóò padà sí bí ó ti wà. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó di àwọ̀ eérú, tàbí kí ó di bí ewé. Pupa ẹyin tí ó wà nísàlẹ̀ àwọ̀ rẹ̀ ti lọ, dáì náà kò sì rí ohun tí yóò jókòó lé. Àwọn aṣerunlóge wọn ní láti kọ́kọ́ dá pupa ẹyin náà padà kí wọ́n tó kùn ún ní àwọ̀ tí ó fẹ́. Làálì kí aró tó dé náà ni wọ́n tún ṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ìgò ni tiwọn ti jáde.

Ohun tí ó fa èyí kò ṣòro láti yé ni. Inú fọ́nrán irun kọ̀ọ̀kan ni àwọ̀ wà, melanin sì ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Oríṣi méjì ni ó jẹ́: ọ̀kan ń mú dúdú àti àwọ̀ ilẹ̀ wá, èkejì ń mú pupa wá. Bí pẹ́rọ́ksáìdì pẹ̀lú amóníà bá wọ inú irun, amóníà a ṣe bí omi eérú, a ṣí ìpẹ́ ara irun sílẹ̀. Pẹ́rọ́ksáìdì a sì máa jẹ melanin run. Dúdú ni ó ń tètè lọ. Pupa ni ó ń gbẹ́yìn. Nítorí náà ni irun dúdú ṣe máa ń di pupa bí osùn, lẹ́yìn náà bí ọsàn, lẹ́yìn náà bí pupa ẹyin, títí yóò fi dà bí inú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwọn aṣerunlóge káàkiri ayé fi nọ́ńbà sí ìpele wọ̀nyí, láti 1 tí í ṣe dúdú kirikiri dé 10 tí ó mọ́lẹ̀ jù. Ẹni tí ó bá ti dé 10, tí ó fẹ́ padà sí 2 tàbí 3, ti fi gbogbo pupa àárín ọ̀nà sílẹ̀. Dáì àwọ̀ ilẹ̀ ní aró díẹ̀ nínú. Bí aró bá bá ìyeyè pàdé láìsí pupa láàárín wọn, àwọ̀ ewé ni wọn yóò bí.

Ìṣòro kejì ni pé irun tí a bó ti la ihò. Ó ń mu dáì kíákíá, ó sì ń tú u dànù kíákíá, bí ẹni tí ń fi apẹ̀rẹ̀ pọn omi. Nítorí náà ni ó ṣe máa ń dúdú ju bí a ti fẹ́ lọ ní ọjọ́ kìíní, tí pupa sì ń padà yọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Onídìrí tí ó mọ iṣẹ́ a kọ́kọ́ gé ẹnu irun tí ó ti jẹ. A dán dáì wò lórí ìdì irun kékeré kan. A kùn ún ní pupa kí ó tó kùn ún ní àwọ̀ ilẹ̀ tàbí dúdú, a sì mú àwọ̀ tí ó mọ́lẹ̀ díẹ̀ ju èyí tí oníbàárà ń fẹ́ lọ, nítorí pé irun tí ó la ihò yóò mu ún jù. Kò ní fi pẹ́rọ́ksáìdì líle tàbí amóníà kún ìyà tí irun náà ti jẹ. Bí ó bá sì jẹ́ irun tí wọ́n ti fi rílásà nà, yóò ṣọ́ra gidigidi, nítorí pé irun tí ó ti jìyà méjèèjì a máa já mọ́ni lọ́wọ́.

Iṣẹ́ báyìí ń gba àkókò, ó sì ń gba owó. Ibẹ̀ ni ọ̀nà àbùjá ti ń wọlé. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí ní ilẹ̀ Yorùbá, lórí aṣọ. Ní àwọn ọdún 1920 àti 1930, àwọn aláró Abẹ́òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í lo aró ilé-iṣẹ́ òkè òkun àti kọ́sítíìkì sódà dípò ẹ̀lú àti omi eérú. Ó ń yá, kò sì ní wàhálà. Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà fi ń kùn pé àdìrẹ ń ṣá, aṣọ sì ń fàya. Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fi òfin dè é, ọ̀rọ̀ náà sì di ìjà láàárín ààfin àti àwọn obìnrin aláró, tí wọ́n ní òfin náà ń pa ọjà àwọn. Kọ́sítíìkì yìí kan náà ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ rílásà líle tí wọ́n fi ń na irun lẹ́yìn ìgbà náà. Ohun tí ó ń jẹ aṣọ ti gorí ènìyàn.

Lórí dáì irun pẹ̀lú, ohun kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ilé mọ orúkọ rẹ̀: paraphenylenediamine, tí wọ́n gé kúrú sí PPD. August Wilhelm von Hofmann, ará Jámánì, ti ṣe iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Irú dáì kẹ́míkà báyìí ni Eugène Schueller, ará Faransé, gbé wọ ọjà ní ọdún 1907. Ní ọdún 1909, ó dá ilé-iṣẹ́ tí ó di L'Oréal sílẹ̀. Orúkọ tí ó kọ́kọ́ fún ilé-iṣẹ́ náà tilẹ̀ sọ pé dáì tí kò léwu ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, èyí tí ó fi hàn pé àwọn ènìyàn ti mọ̀ nígbà náà pé dáì lè léwu. Bí aró ẹ̀lú, PPD kì í ní àwọ̀ púpọ̀ títí ọ́síjìn yóò fi kàn án. Pẹ́rọ́ksáìdì ni ó ń gba iṣẹ́ afẹ́fẹ́ ṣe. Ó ń dúdú dáadáa, ó sì ń pẹ́ lórí.

Ṣùgbọ́n ara àwọn kan kò gbà á rárá. Orí á yún, ojú á wú títí kò ní ṣí, omi á máa ṣàn lẹ́yìn etí. Ní orílẹ̀-èdè Yúróòpù, òfin kò gbà kí PPD tí ó kan orí ju ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ní Sudan, Morocco àti Íńdíà, àwọn dókítà ti kọ àkọsílẹ̀ nípa àwọn tí ó gbé PPD mì, tí ọ̀nà ọ̀fun wọn wú, tí kíndìnrín wọn dáṣẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n sì kú. Wọ́n tún ń pò ó mọ́ làálì kí ó lè tètè dúdú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ra làálì tí ó di dúdú kirikiri láàárín wákàtí kan gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Pupa ni làálì ti Ọlọ́run dá. Kò sí ewé làálì tí ń dúdú bí èédú.

Ó yẹ kí a tún béèrè ohun tí ń lé àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí tí wọ́n fi ń kánjú padà sí dúdú. Òmíràn jẹ́ ọ̀wọ̀ fún òbí, òmíràn jẹ́ òfin ilé-ìwé tàbí ti ibi iṣẹ́. Òmíràn sì jẹ́ ẹ̀rù. Nígbà ìwọ́de EndSARS ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, ọ̀kan nínú ẹ̀sùn tí àwọn ọ̀dọ́ fi kan àwọn ọlọ́pàá SARS ni pé bí wọ́n bá ti rí irun tí ó láwọ̀ tàbí dàda lórí ọ̀dọ́kùnrin, wọ́n a pè é ní ọmọ yahoo, wọ́n a sì tú fóònù rẹ̀ wò. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù náà ni ìjọba tú SARS ká. Síbẹ̀, fífi irun dá ènìyàn lẹ́jọ́ kò tíì tán láàárín àwa fúnra wa. Irun ìlàrí ń sọ iṣẹ́ tí ọba rán ìlàrí. Irun pupa ọmọ òde òní kò sọ ju pé ó ṣe oge lọ. Òbí tí ó bá fi ìbínú lé ọmọ lọ wá dáì òru kan lè máa rán an lọ síbi tí ojú rẹ̀ yóò ti wú.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ padà, ọ̀nà méjì ni ó wà. Àkọ́kọ́ ni sùúrù: irun ń hù ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù, dúdú ni ó sì ń hù láti ìdí. Ọ̀dọ́kùnrin tí ó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ lónìí yóò ní orí dúdú tirẹ̀ láàárín oṣù méjì, láìná ju owó onígbàjámọ̀ lọ. Èkejì ni iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, ìyẹn pupa lákọ̀ọ́kọ́, dúdú lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí yóò gba ọ̀nà kejì gbọ́dọ̀ wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí. Ó gbọ́dọ̀ fi dáì díẹ̀ kan ẹ̀yìn etí tàbí ìgbọ̀nwọ́, kí ó sì dúró fún wákàtí 48. Bí ibẹ̀ bá yún tàbí tí ó wú, kí ó má ṣe jẹ́ kí ó kan orí rárá. Bí ojú bá wú tàbí èémí bá ń ṣòro lẹ́yìn tí ó ti lò ó, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ kíákíá, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò fi òrí pa á.

Aláró tí ó ń sọ òwú di ẹtù kò fi ìgbà kankan rò pé ẹ̀ẹ̀kan ni òun yóò rì í. Orí ènìyàn ṣe iyebíye ju òwú lọ.